Ẹni Méjì Ló Ń Dá Yín Lóhùn

Òórùn rọ́bà tó ń yọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ìwọ náà ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀ rí, o mọ òórùn tí mò ń wí: ó gbóná, ó dùn díẹ̀ bíi ṣúgà tó jóná, ó sì máa ń wọ inú aṣọ àti inú irun, títí kan búrẹ́dì tí èèyàn bá dì lọ síbi iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gbé e lọ sílé ní Okota ní ìrọ̀lẹ́. Kí n tó kan ilẹ̀kùn ni ìyàwó mi á ti máa wí láti ilé ìdáná pé, "Bàbá Dámi, ẹ káàbọ̀. Òórùn yín ti wọlé ṣáájú yín." Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí òórùn náà ti ń wọlé tí kò rí ẹni kí i. Mo máa ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi lẹ́nu ọ̀nà, mo sì máa ń dúró díẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí wọn yóò sọ fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí kì í ṣe ìtàn ikú rẹ̀. Ìtàn ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, tí kò sí ohun tó ń ṣe ẹnikẹ́ni nínú ilé wa àfi èmi. Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ibì kan wà tí mo máa ń dé nínú rẹ̀ tí n ó pa ìwé dé. Lónìí, mo fẹ́ kọjá ibẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ọjà wò kó tó jáde nílé iṣẹ́: ìdérí ìgò, garawa, àwo ìjẹun. Ẹ̀rọ mọ́kànlá la ní, ìwé kan sì wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán àti ti òru ń kọ iye tó jáde àti iye tó bàjẹ́ sí. Tẹ́lẹ̀ rí, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń jókòó ti àwọn ìwé yẹn kí n tó rí àbọ̀ tí n ó gbé síwájú ọ̀gá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lọ́dún tí wọ́n sé gbogbo wa mọ́lé nítorí àrùn, mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù kan, mo sì fi kọ́ Python, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, mo fi kọ ètò kan tó ń ka àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ mọ́kànlá náà, tó sì ń gbé àbọ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní bó bá ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta láìkọṣẹ́, èmi ni àwọn yóò fi ṣe olórí ẹ̀ka wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mò ń sọ yìí, ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí oṣù mẹ́ta náà pé.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là yé ọ kí o tó lè mọ ohun tí mo ṣe. Ẹni tó ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Láti ìlà àkọ́kọ́ ni yóò ti pe àwọn irinṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀, bí bíríkìlà ṣe máa ń pè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé kí wọ́n gbé ṣọ́bìrì wá, kí wọ́n gbé okùn wá. Bí wọ́n bá dá a lóhùn pé kò sí ṣọ́bìrì, iṣẹ́ parí nìyẹn, ì báà jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù kún ilẹ̀. Irinṣẹ́ tí ètò tèmi gbára lé jù ni èyí tó ń ka àtẹ nọ́ńbà. Pandas ni wọ́n ń pè é.

Tíṣà ni ìyàwó mi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà Ailegun, òun náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún mi pé kí n kọ́ òun ní kọ̀ǹpútà, mo sì máa ń dáhùn pé tó bá di ọlidé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ tí mò ń wí, ó sú u láti máa dúró dè mí. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, ó fi ìka méjì péré tẹ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ojúlé wọn àti ọjọ́ ìbí wọn. Ó gbé e sórí fíláàṣì tí ẹgbẹ́ fún un, ó sì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkóríta. Nígbà tó dé, ó na ìwé náà sí mi bí ọmọ tó gba ipò kìíní. "Ẹ wò ó, Bàbá Dámi, ó tò gbọọrọ." Mo ní ó dára. N kò gbé ojú kúrò lórí fóònù mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yẹn. Ó wá láti ìlú wa ní Ọ̀ṣun nítorí ojú tó ń dùn ún. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa, nítorí náà, ipò ìyá ọkọ ló wà nínú ilé wa. "Màmá" ni ìyàwó mi ń pè é. Èèyàn rere ni. Kì í dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá bá ọ̀rọ̀ nílẹ̀ láàárín ọkọ àti ìyàwó, ibi kan náà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀, bí àwọn ìyá wa ti ṣe ń ṣe é: kí ìyàwó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná, kí a tó wá wádìí ẹni tó jẹ̀bi.

Òjò rọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tí a jẹun tán, mo jókòó sídìí tábìlì, mo tẹ ètò mi lẹ́ẹ̀mejì bí mo ti máa ń ṣe. Fèrèsé dúdú kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó sì pòórá kí n tó lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó yọ, ó lọ. Ní ìgbà kẹrin, mo gbé fóònù sókè, mo fi ya á bó ti ń kọjá, mo sì wá ka ìlà tó gbẹ̀yìn nínú fọ́tò náà: ModuleNotFoundError. Ó ní òun kò rí irinṣẹ́ kankan tó ń jẹ́ pandas.

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ṣí ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, mo ní kó lọ gbé pandas wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó dáhùn pé ohun tí mò ń béèrè ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo padà lọ tẹ ètò náà. Ó ní kò sí. Mo ní kó yọ pandas dànù, kó tún un gbé wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ dátà mi tán, ó sì ní ó ti wà. Mo tẹ ètò, kò sí. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Ó ti wà. Kò sí. Bí a ṣe ṣe é fún bíi wákàtí méjì nìyẹn, òógùn ń sàn lábẹ́ apá mi, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ń ké lábẹ́ fèrèsé. Nígbà tó yá, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń wò mọ́. Ojú ọ̀gá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mò ń wò, àti ìwé mọ́kànlá tí wọn yóò tún kó lé mi lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi gbé omi tútù wá, ó rọra gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi. Mo bi í pé, "Kí lo ṣe sí kọ̀ǹpútà yìí lánàá?"

"Orúkọ àwọn ìyá ni mo tẹ̀."

"Mo mọ ìyẹn. Kí lo tún ṣe?"

"Mo gbé e sórí fíláàṣì."

"Fíláàṣì ta ni?"

"Ti ẹgbẹ́ ni. Ọwọ́ màmá alága ló wà tẹ́lẹ̀."

"Fíláàṣì tó ti wọ gbogbo ilé ní Okota lo kì bọ inú ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun. Ìwọ lo kó kòkòrò wọ̀ ọ́." O mọ irú kòkòrò tí mò ń wí, èyí tó máa ń gba ara fíláàṣì wọ inú kọ̀ǹpútà, tó sì ń ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rí kankan kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹni tí mo lè dá lẹ́bi ló wà nítòsí.

Ohùn mi ti lọ sókè débi pé ẹ̀gbọ́n mi jáde láti yàrá, ó fi áńkáṣíìfù bo ojú kan. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?"

Mo ní, "Ìyàwó yín ló ba ẹ̀rọ iṣẹ́ mi jẹ́. Lọ́la ni mo sì fẹ́ lò ó."

"Ìyàwó," ẹ̀gbọ́n mi ní, "ohun tí ọkọ ẹ fi ń wá oúnjẹ lo fi ń ṣeré? Kí ló dé tí o ò kúkú fi ìkòkò ọbẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù?"

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì mú fóònù mi, ó ka ìlà tó wà nínú fọ́tò náà pẹ̀lú. Ó ń kà á bó ṣe máa ń ka ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó bá ń ṣe máàkì, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní nǹkan kan." Ó kọjú sí mi. "Bàbá Dámi, èyí ní ó ti wà. Èyí ní kò sí. Ní kíláàsì mi, bí mo bá béèrè nǹkan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí mo gbọ́ 'ó wà' tí mo tún gbọ́ 'kò sí', mo máa ń mọ̀ pé ọmọ kan kọ́ ló fèsì. Ṣé kì í ṣe ẹni méjì ló ń dá yín lóhùn?"

Ọ̀rẹ́ mi, ibí yìí ni mo ti máa ń pa ìwé dé.

Nítorí pé kó tó pa ẹnu dé ni mo ti mọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló padà wá sí mi lójú, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: èmi lórí àga mi níbi iṣẹ́ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, kọ̀ǹpútà yìí níwájú mi, tí mò ń jẹ ẹ̀pà yíyan, tí mo ní kí n lo íńtánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tó jẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí pé ẹnì kan ní ẹ̀ka ìṣirò ń fọ́nnu pé Python tuntun yá ju ti àtijọ́ lọ. Mo gbé e wá. Ó ń bi mí ní ìbéèrè, mò ń fi ọwọ́ ẹ̀pà tẹ "mo gbà, mo gbà" láìkà á. N kò yọ ti àtijọ́ kúrò. Kí ó tó di pé mo jẹ ẹ̀pà tán, mo ti gbàgbé pé mo ṣe nǹkan kan.

Bí kọ̀ǹpútà mi ṣe di ilé tí onílé méjì ń gbé nìyẹn. Nígbàkígbà tí mo bá tẹ àṣẹ pé kí wọ́n gbé pandas wá, ti àtijọ́ ló ń jẹ́ mi, yàrá tirẹ̀ ló sì ń gbé e sí. Bí mo bá tẹ ètò mi, ti tuntun ló ń fò dìde láti ṣe é, yàrá tirẹ̀ sì ṣófo. Ẹni méjì ló ń dá mi lóhùn. Obìnrin tí kò tíì lo kọ̀ǹpútà ju ọjọ́ kan lọ ló rí i, níbi tí èmi ti fi wákàtí méjì làágùn.

Ohun tí mo sọ ni pé, "Ìyá Dámi, kíláàsì kẹta kọ́ nìyí."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, pẹ̀lú ohùn tútù, "Ìyàwó mi, orí ìbéèrè kọ́ la wà. Kúnlẹ̀ bẹ ọkọ ẹ, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, kó lè ráyè tún un ṣe."

Ìyàwó mi kò wo ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ló wò. Ó dúró bí ìgbà tí èèyàn yóò gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń wò mí, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. Ó ń dúró dè mí ni. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ kò gùn ju "Èmi ni mo ṣe é" lọ. Mo gbé ojú mi sórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, mo sì rí èèpo ẹ̀pà pupa kan tó há sáàárín méjì nínú wọn. Mo ń wo èèpo ẹ̀pà náà títí mo fi gbọ́ bó ti ń kó ìró rẹ̀ jọ sábẹ́ orúnkún. Ilẹ̀ tútù, omi òjò tí a fi bàtà gbé wọlé kò tíì gbẹ níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Dámi, ẹ má bínú. N kò ní fọwọ́ kàn án mọ́."

Mo ní, "Ó ti tó. Dìde."

Ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣèlérí pé kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Òun ló fi kún un fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọ ilé ìdáná tán, mo tẹ àṣẹ kan ṣoṣo. Mo dárúkọ Python tuntun, mo ní kó gbé pandas tirẹ̀ wá sí yàrá ara rẹ̀. Kò gba àkókò ju èyí tí a fi ń se ẹyin lọ. Mo tẹ ètò mi, àbọ̀ ẹ̀rọ mọ́kànlá jáde, ó tò gbọọrọ. Ìyàwó mi béèrè láti ìdí ààrò pé, "Ṣé ó ti ṣe?"

"Ó ti ṣe."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Kòkòrò ni. Mo ti pa á."

Mo gbọ́ tí ṣíbí ṣì ń lọ nínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ ṣeun."

Kọ̀ǹpútà náà sọ òótọ́ nígbà méjèèjì. Nínú gbogbo ohun tó fọhùn nínú ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èmi nìkan ló purọ́.

Wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi se ìrẹsì, ó sì pe àwọn aládùúgbò. Ní ti ìlérí rẹ̀, ó mú un ṣẹ. Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà mọ́, kì í tilẹ̀ í nu eruku ara rẹ̀. Á nu gbogbo tábìlì, á sì yí i ká. Ìwé àjákọ ló padà ń fi ọwọ́ kọ àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sí. Ní ìgbà kan, mo ní kó wá, kí n kọ́ ọ, ọlidé ti dé. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ìwé mi tó mi." Ó sọ ọ́ tẹ̀rín tẹ̀rín. Mo fi sílẹ̀. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, ọkàn mi fúyẹ́ nígbà tó kọ̀, nítorí pé bó bá mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, lọ́jọ́ kan, á jàjà rí i pé kò sí kòkòrò tó ń ṣe irú rẹ̀.

Mo máa ń sọ fún ara mi pé kíkúnlẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà nílé wa. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi la ń pè é, a máa ń dà á sí iná kí ilé má baà jó. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́, òótọ́ yẹn sì ni mo sá pamọ́ sí fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí àìsàn dé, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù lọ́jọ́ kan, a ń dúró de èsì àyẹ̀wò, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi. Mo ní, "Ìyá Dámi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ." Ó ní, "Mò ń gbọ́." Nọ́ọ̀sì sì pe orúkọ rẹ̀. Ó ní kí n rántí sọ ọ́ tí a bá jáde. Mo rántí. N kò sọ ọ́.

Ó pé ọdún kan lẹ́yìn tí a sin ín, a ṣe àdúrà ìrántí fún un nínú ilé. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá wá, wọ́n jókòó yí pálọ̀ ká pẹ̀lú ìgò mínírà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dìde láti sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti burú sí i, ó di àga mú. Ó ní, "Ìyàwó mi yìí, ẹ ò lè rí irú ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tó ba ẹ̀rọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jẹ́, níṣojú mi ló kúnlẹ̀, tó bẹ̀bẹ̀, tó gbà pé òun jẹ̀bi. Mélòó nínú àwọn ìyàwó òde òní ló lè gbà pé àwọn jẹ̀bi?" Àwọn ìyá ń mi orí. Ọ̀kan ní, "Òótọ́ ni o, èèyàn ni." Irọ́ mi ló dìde dúró láàárín ilé, tó wọ aṣọ tuntun, tí wọ́n ń fi yin òkú. Àwo ẹran díndín wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì mọ́ bí mo ṣe ń gbé e mì tẹ́lẹ̀. Lówùúrọ̀, mo bá ẹ̀gbọ́n mi nínú yàrá níbi tó ti ń kán oògùn sójú. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Kí ni? Ta ló kú?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí ẹ̀pà ọjọ́ Ẹtì títí dé orí kòkòrò tí mo ní mo pa. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Oògùn ojú náà ń sàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá oògùn nìkan ni.

Ó ní, "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Kó tó kúnlẹ̀, mà."

"Èmi ni mo ní kó kúnlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò sì dá mi dúró." Ó dé ìgò oògùn rẹ̀. "O mọ̀wé débi tí o fi lè bá irin sọ̀rọ̀, o ò lè bá ìyàwó ẹ sọ̀rọ̀." Ó wá ní, "Dìde nílẹ̀. Èmi kọ́ ló yẹ kí o dọ̀bálẹ̀ fún, ẹni tó yẹ kí o dọ̀bálẹ̀ fún ti lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí mo sọ ọ́ fún lánàá ṣì wà láàyè. Ojú mi ò jẹ́ kí n máa kiri ilé onílé. Ìwọ lo máa lọ sọ ọ́ fún wọn."

Àwọn ẹgbẹ́ ìyá máa ń pàdé ní ọ̀sán Àbámẹ́ta kejì lóṣù, nínú kíláàsì àwọn ọmọdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ. Mo dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé, láàárín àwọn obìnrin tó jókòó sórí àga kéékèèké, mo sì sọ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ nílé mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìyàwó mi kò ba nǹkan kan jẹ́, pé èmi ni mo ṣe é, pé mo mọ̀ nígbà tó kúnlẹ̀. Mo sọ fún wọn pé òun gan-an ló rí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Wọn kò pariwo, wọn kò sì tù mí nínú. Fáànù kan ń yí lókè, ó ń dún bí ẹni tó ń pòṣé.

Màmá alága ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde tí wọ́n ti fi ọ̀rá dì kó má baà ya. Àkójọ orúkọ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni. Ó ní, "Èyí nìkan ló tẹ̀ fún wa. Mo bi í lẹ́yìn ìgbà náà pé kí ló dé tó tún padà sí ìwé ọwọ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ ń fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, òun kò fẹ́ dí yín lọ́wọ́." Ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú ọ̀rá náà. "A tilẹ̀ máa ń fi yín ṣe àwòkọ́ṣe fún àwọn ọkọ wa, pé ẹ̀yin kì í sinmi."

Ìyá àgbàlagbà kan fa àga ọmọdé kan sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá Dámi." Mo jókòó, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Nígbà tí èmi ń jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ níwájú ẹ̀gbọ́n mi, òun ń tún orúkọ tèmi ṣe níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sì sọ ọ́ fún mi rí.

Kí n tó lọ, màmá alága kó ìwé àjákọ márùn-ún lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ọwọ́ ìyàwó yín ló wà nínú gbogbo wọn. Ẹ bá wa tẹ̀ wọ́n, kó lè bá ti àkọ́kọ́ mu." Kò sọ bóyá ìyà ni tàbí àánú.

Mo ń tẹ̀ wọ́n báyìí, lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. N kò kánjú. Mo ti wá mọ̀ pé ohun tí mo pè ní àṣìṣe kọ̀ǹpútà nígbà náà kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà rárá. Ẹ̀rọ a máa wá nǹkan ní yàrá tó ṣófo, a sì sọ gbangba pé òun kò rí i. Èmi mọ yàrá tí òótọ́ wà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ní kò sí. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi lónìí, ì báà ṣe níbi iṣẹ́ tàbí nínú ilé, kí n tó bi ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi ní ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwà tuntun ni. Ẹni tó yẹ kó jẹ àǹfààní rẹ̀ kò sí nílé mọ́.

Nínú àkójọ orúkọ tí ìyàwó mi tẹ̀, tó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kejìdínlógún ni tirẹ̀, pẹ̀lú ojúlé wa àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Màmá alága ní kí n yọ orúkọ àwọn tó ti lọ kúrò. Mo ti yọ àwọn mẹ́ta yòókù.